A Kì Í Fi Ẹ̀tẹ̀ Sílẹ̀ Pa Làpálàpá: Àlàyé lórí Ìtọ́jú Onífísíò fún Àrùn Rọpárọsẹ̀ àti Àtọ̀gbẹ

Àṣamọ̀

Àrùn rọpárọsẹ̀ àti àtọ̀gbẹ wà lára àwọn àìsàn tí ó ń sọ ọ̀pọ̀ àgbàlagbà di ẹni tí kò lè dá nǹkan ṣe mọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Èrò tí ó gbilẹ̀ láwùjọ ni pé inú apá àti ẹsẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ ni àìsàn náà wà, pé òróró, ìpara àti omi gbígbóná ni yóò sì jí wọn. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé pé inú ọpọlọ ni rọpárọsẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, pé àtọ̀gbẹ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn okùnfà rẹ̀, àti pé títún ọpọlọ kọ́ ní iṣẹ́ tí ó ti gbàgbé ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ onífísíò. Ó yẹ àwọn orúkọ tí Yorùbá ń pe àwọn àìsàn wọ̀nyí wò, ó sì fi hàn bí orúkọ ṣe lè darí ojú àwọn ará ilé kúrò níbi tí ọ̀ràn wà. Ó gúnlẹ̀ síbi pé àwọn oṣù àkọ́kọ́ lẹ́yìn àìsàn ni ó ṣe iyebíye jù, àti pé ọwọ́ ẹbí ni ìtọ́jú tí ó pọ̀ jù wà.

1.0 Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá le kò lè ṣòwò, kò lè dáko, kò sì lè dìde kí àlejò rẹ̀ bí ó ti yẹ. Kò sí àìsàn tí ó fi èyí han ènìyàn bíi rọpárọsẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, ìyá aránṣọ kan tí ó ti tó ẹni ọdún 55 lè sùn tayọ̀tayọ̀, kí ó jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí apá ọ̀tún rẹ̀ má gbéra mọ́, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ wúwo bí òkúta, kí ẹnu rẹ̀ sì yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ará ilé yóò ti wá àdí àgbọn àti òrí. Aládùúgbò kan yóò mú ẹni tí ó mọ bí a ti ń wọ́ ènìyàn lára wá. Òmíràn yóò dámọ̀ràn pé kí wọ́n sin gbẹ́rẹ́ sí i lẹ́sẹ̀. Gbogbo wọn ni yóò máa sa ipá tiwọn, ìfẹ́ ni yóò sì mú wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú wọn tí yóò kọjú sí orí, níbi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀ gan-an.

Àwọn àgbà sọ pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ náà mu rẹ́gí. Apá tí ó rọ ni ojú rí. Ọpọlọ tí ó farapa ni ojú kò rí. Bí a bá ń tọ́jú èyí tí ojú rí nìkan, àkókò tí ó yẹ kí aláìsàn fi rí ìtọ́jú gidi yóò kọjá lọ. Ìdí nìyí tí àpilẹ̀kọ yìí fi gbé ìbéèrè mẹ́ta kalẹ̀. Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù? Báwo ni àtọ̀gbẹ ṣe kan ọ̀ràn náà? Kí ni onífísíò ń ṣe, kí sì ni ẹbí lè ṣe?

2.0 Orúkọ Àìsàn àti Ìṣòro Ọ̀rọ̀ náà "Iṣan"

Kí a tó wo ara, ó yẹ kí a wo ọ̀rọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ni àwùjọ fi ń ronú. Orúkọ àtijọ́ tí Yorùbá mọ̀ mọ́ àìsàn tí ó ń sọ ẹ̀yà ara di aláìlágbára ni ẹ̀gbà. Nínú ètò ìgbàgbọ́ Ifá, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ bíi Wándé Abímbọ́lá ti ṣàlàyé rẹ̀, Ẹ̀gbà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olórí ajogun mẹ́jọ: Ikú, Àrùn, Òfò, Ẹ̀gbà, Ọ̀ràn, Èpè, Ẹ̀wọ̀n àti Èṣe. Ó yẹ fún àkíyèsí pé Ẹ̀gbà dá dúró níhìn-ín, kò sí lábẹ́ Àrùn. Ọ̀tá tí ó ń já wọlé lójijì ni a kà á sí. Kò sì yani lẹ́nu, nítorí àìsàn tí ó lè sọ ẹni tí ara rẹ̀ le ní alẹ́ àná di ẹni tí kò lè rìn ní òwúrọ̀ yìí jọ ìkọlù ọ̀tá lóòótọ́. Ohun tí èyí ń fà ni pé ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ẹbí ń béèrè ni "ta ni ó ṣe é?" dípò "níbo ni ó ti ṣẹlẹ̀?"

Orúkọ tí ó wọ́pọ̀ lónìí ni rọpárọsẹ̀. Bí a bá tú u palẹ̀, ohun tí ó ń sọ ni pé àìsàn náà rọ apá, ó sì rọ ẹsẹ̀. Ohun tí ojú rí ni orúkọ yìí sọ. Kò sọ orísun rẹ̀. Bákan náà ni àtọ̀gbẹ rí. Ẹni tí ó ń tọ̀ títí ara rẹ̀ fi ń gbẹ ni orúkọ náà ń júwe. Àwọn baba ńlá Yorùbá lajú sí àmì àìsàn náà dáadáa, nítorí òótọ́ ni pé ìtọ̀ lemọ́lemọ́ àti rírù wà lára àmì rẹ̀. Ṣùgbọ́n lónìí, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní irú àtọ̀gbẹ tí ó wọ́pọ̀ jù ni kò gbẹ rárá. Òmíràn sanra, kò sì mọ̀ pé òun ní in títí egbò fi yọ sí i lẹ́sẹ̀ tàbí títí rọpárọsẹ̀ fi dé.

Ìṣòro kẹta wà nínú ọ̀rọ̀ náà "iṣan". Nínú èdè ojoojúmọ́, iṣan ni ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Iṣan ni okùn tí ó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ lọ sí apá. Iṣan náà ni ẹran tí ó ń le nígbà tí ènìyàn bá gbé ẹrù. Nítorí náà, bí dọ́kítà bá sọ pé "iṣan kan ni ó dí", ará ilé lè rò pé okùn kan ti gbẹ nínú apá aláìsàn, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi òróró wọ́ ọ. Láti yàgò fún àṣìgbọ́ yìí, àpilẹ̀kọ yìí yóò lo iṣan ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan òjíṣẹ́ fún okùn tí ó ń jíṣẹ́ láàárín ọpọlọ àti ara, àti ẹran ara fún ohun tí ó ń fa eegun kí ara tó lè yí padà.

3.0 Ohun tí Ó Ń Ṣẹlẹ̀ nínú Ọpọlọ

Ọpọlọ ènìyàn kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ara lọ, síbẹ̀ nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí ara ń lò ni ó ń gbà. Kò ní àká tí ó ń tọ́jú oúnjẹ pamọ́ sí. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ibì kan nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ibẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ọ̀nà méjì ni èyí ń gbà ṣẹlẹ̀. Èkíní ni kí ẹ̀jẹ̀ dídì tàbí ọ̀rá dí iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó lọ sínú ọpọlọ. Èyí ni ó wọ́pọ̀ jù. Èkejì ni kí iṣan ẹ̀jẹ̀ bẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ sì tú sínú ọpọlọ. Àmì méjèèjì lè jọra lójú, ṣùgbọ́n ìtọ́jú wọn yàtọ̀, ẹ̀rọ tí ó ń ya àwòrán inú orí nìkan ni ó sì lè fi ìyàtọ̀ náà hàn dájú.

Púpọ̀ nínú àwọn iṣan òjíṣẹ́ tí ó ń pàṣẹ fún apá àti ẹsẹ̀ máa ń ré kọjá sí òdìkejì ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, kí wọ́n tó wọ inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Nítorí èyí ni ọpọlọ apá òsì fi ń darí apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Bí apá ọ̀tún ìyá aránṣọ bá rọ, òsì ọpọlọ rẹ̀ ni ó farapa. Níwọ̀n bí ó sì ti jẹ́ pé òsì ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ sísọ wà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ohùn rẹ̀ lè lọ pẹ̀lú apá náà. Kì í ṣe pé ó ya odi tàbí pé orí rẹ̀ dàrú. Ó lè gbọ́ ohun gbogbo tí wọ́n ń sọ níṣojú rẹ̀ láìlè dáhùn.

Kí ni ó ń fà á? Ìwádìí SIREN tí Mayọ̀wá Owólabí ti Ìbàdàn àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Nàìjíríà àti Gánà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2018, fi ẹni 2,118 tí àrùn náà kọlù wéra pẹ̀lú iye kan náà tí kò kọlù. Okùnfà 11 tí ènìyàn lè wá nǹkan ṣe sí ni wọ́n rí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ṣíwájú gbogbo wọn. Lára àwọn yòókù ni ọ̀rá tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, àtọ̀gbẹ, ikùn ńlá, àìjẹ ẹ̀fọ́ tó, bíbu iyọ̀ sí oúnjẹ tí a ti sè, sìgá mímu àti àìṣe eré ìdárayá. Èyí fi hàn pé àìsàn tí ó dà bí ẹni pé òjijì ni ó dé ti ń rin ìrìn rẹ̀ bọ̀ láti ọdún pípẹ́. Igi tí yóò gún ni lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó.

Àmì tí gbogbo ilé gbọ́dọ̀ mọ̀ kò ju mẹ́ta lọ: ojú, apá àti ọ̀rọ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ ojú kan bá wọ́ sílẹ̀ nígbà tí ènìyàn fẹ́ rẹ́rìn-ín, bí apá kan bá ń já bọ́ nígbà tí ó gbé méjèèjì sókè, tàbí bí ọ̀rọ̀ bá lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lọ́gán. Oògùn tí ó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì ká wà, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́rin àbọ̀ àkọ́kọ́ ni a sábà máa ń lè fún aláìsàn, lẹ́yìn tí àwòrán orí bá ti fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ kò tú sínú ọpọlọ. Kò sí nínú àlàyé yìí ohun tí ó ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Ohun tí ó ń sọ ni pé kí àdúrà máa lọ lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn.

4.0 Àtọ̀gbẹ àti Ìbáṣepọ̀ Rẹ̀ pẹ̀lú Rọpárọsẹ̀

Oúnjẹ tí ènìyàn jẹ, yálà iyán ni tàbí ẹ̀bà tàbí ìrẹsì, ṣúgà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń dà nígbà tí ó bá dá nínú. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé ṣúgà yìí kiri. Kí ó tó lè wọ inú ẹran ara, ó nílò ínsúlínì, èyí tí ẹ̀yà ara kan tí ó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ ń pèsè. A lè fi ínsúlínì wé kọ́kọ́rọ́ tí ó ń ṣí ilẹ̀kùn. Nínú irú àtọ̀gbẹ kìíní, ara kò pèsè kọ́kọ́rọ́ náà mọ́. Nínú irú kejì, tí ó wọ́pọ̀ jù, kọ́kọ́rọ́ wà ṣùgbọ́n ihò ilẹ̀kùn ti dípẹtà, nígbà tí ó bá sì yá, kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀ kò ní tó mọ́. Ṣúgà á wá kún inú ẹ̀jẹ̀ bí èrò tí kò rí ọ̀nà wọlé. Bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kò tíì jẹun láti alẹ́ bá tó mílígíráàmù 126 nínú dẹsílítà kan, tí àyẹ̀wò mìíràn sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀, àtọ̀gbẹ ni.

Ṣúgà tí ó bá pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ńlá àti kékeré. Èyí tí ó bàjẹ́ ní ọ̀nà ọpọlọ lè fa rọpárọsẹ̀. Àwọn kéékèèké tí ó ń bọ́ iṣan òjíṣẹ́ náà ń bàjẹ́, iṣan òjíṣẹ́ sì ń kú díẹ̀díẹ̀. Àwọn tí ó gùn jù ni ó ń kọ́kọ́ kú, ìyẹn àwọn tí ó lọ sí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Aláìsàn á sọ pé ẹsẹ̀ ń ta òun bí abẹ́rẹ́, pé ó ń jó òun lóru. Lẹ́yìn náà ni kò ní mọ nǹkan kan lára mọ́, àfi bí ẹni tí ó wọ ìbọ̀sẹ̀ tí kò bọ́ ọ rí. Ó lè tẹ ìṣó kí ó má mọ̀. Nígbà tí ó bá rí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀ ni yóò tó bi ara rẹ̀ léèrè ẹni tí ó farapa.

Nítorí náà, àìsàn méjèèjì pàdé lójú ọ̀nà kan náà. Ìkan ba olùpàṣẹ jẹ́, ìkejì ba òjíṣẹ́ jẹ́. Ẹni tí ó bá sì ní méjèèjì pọ̀ ń rìn lórí ẹsẹ̀ tí kò lágbára tí kò sì mọ nǹkan lára.

5.0 Iṣẹ́ Onífísíò

Ní 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè nínú iṣẹ́ yìí. Òfin kejìdínlógójì ọdún 1988 ni ó sì gbé ìgbìmọ̀ tí ó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ náà sílẹ̀ kalẹ̀ ní Nàìjíríà. Iṣẹ́ tí a kọ́ ní yunifásítì tí òfin sì mọ̀ ni, kò rí bí àwọn kan ṣe rò pé ọmọ iṣẹ́ awọ́ra ni onífísíò.

5.1 Ìtúntò Ọpọlọ

Apá ọpọlọ tí ó ti kú kò ní jí mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ibi tí ó wà láàyè lè kọ́ iṣẹ́ èyí tí ó kú, wọ́n sì lè la ọ̀nà tuntun sí apá àti ẹsẹ̀. Ohun tí a lè pè ní ìtúntò ọpọlọ nìyí. Ọ̀nà inú igbó ni ó jọ: bí àwọn ènìyàn bá ń tọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, yóò là, bí wọn kò bá tọ̀ ọ́, koríko yóò bò ó. Ẹni tí wọ́n bá wọ́ lápá lórí ìbùsùn kò tọ ọ̀nà kankan, ẹlòmíràn ni ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbìyànjú láti na ọwọ́ mú ife, bí ọwọ́ náà kò tilẹ̀ dé ibẹ̀, ti rán ọpọlọ níṣẹ́. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà àkọ́kọ́ ni ìtúntò yìí máa ń yára jù. Ó lè tẹ̀síwájú lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní yá tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Oṣù mẹ́ta tí ẹbí bá fi ń gbé aláìsàn kiri láti ibi ìwọ́ra kan sí òmíràn, nínú àkókò yìí ni wọ́n ti yọ ọ́.

5.2 Àwọn Ọjọ́ Àkọ́kọ́

Ní ìbẹ̀rẹ̀, apá àti ẹsẹ̀ á rọ jọ̀wọ̀lọ̀. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni bí aláìsàn ṣe dùbúlẹ̀. Bí kò bá lè yí ara rẹ̀ padà, àwọn tí ó ń tọ́jú rẹ̀ ní láti máa yí i ní nǹkan bíi wákàtí méjì-méjì kí egbò má baà yọ sí i ní ìbàdí àti gìgísẹ̀. Wọn á fi ìrọ̀rí gbé apá tí ó rọ, wọn kò ní jẹ́ kí ó sọ̀ sílẹ̀. Wọn kò gbọ́dọ̀ fi tipátipá fún un ní ẹ̀kọ tàbí omi kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó lè gbé nǹkan mì, nítorí ohun tí ó bá gba ọ̀nà ọ̀fun bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró lè pa á.

Ìgbà wo ni ó yẹ kí ó dìde? Kò yẹ kí ó pẹ́ lórí ìbùsùn, síbẹ̀ kò yẹ kí wọ́n kánjú. Ìwádìí AVERT, tí ó kó aláìsàn 2,104 jọ tí èsì rẹ̀ sì jáde ní 2015, fi hàn pé àwọn tí a gbé dìde léraléra fún àkókò gígùn láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́ kò ṣe dáadáa tó àwọn tí a rọra bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

5.3 Èjìká àti Ọwọ́

Ẹran ara ni ó di oríkèé èjìká mú. Bí ó bá rọ, èjìká lè yọ sílẹ̀. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù nínú ilé ni kí wọ́n fa aláìsàn dìde ní apá tí ó rọ, tàbí kí wọ́n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lábíyá gbé e. Ìrora èjìká tí èyí ń fà lè pẹ́ ju àìsàn náà fúnra rẹ̀ lọ. Ìgbànú tàbí aṣọ líle tí a dì mọ́ ọn níbàdí ni ó yẹ kí wọ́n di mú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, apá tí ó rọ tẹ́lẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gan, kí ìgbọ̀nwọ́ ká, kí ìka sì di ẹ̀ṣẹ́. Onífísíò á kọ́ ẹbí bí wọn yóò ṣe máa rọra na oríkèé náà lójoojúmọ́. Bí ọwọ́ bá ti ń mira, iṣẹ́ gidi dé. Ewu tí ó wà níhìn-ín ni pé ọwọ́ tí ó dá yóò máa ṣe gbogbo iṣẹ́, èyí tí ó rọ yóò sì di ọ̀lẹ. Edward Taub ti Amẹ́ríkà ni ó pilẹ̀ ọ̀nà tí a fi ń di ọwọ́ tí ó dá sínú ìbọ̀wọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́, kí aláìsàn lè fi dandan lo èkejì. Ìwádìí EXCITE tí èsì rẹ̀ jáde ní 2006, nínú èyí tí aláìsàn 222 kópa, jẹ́rìí sí i pé ọ̀sẹ̀ méjì irú iṣẹ́ yìí mú ìyàtọ̀ wá fún àwọn tí ọrùn ọwọ́ àti ìka wọn ti lè gbéra díẹ̀.

Kò pọn dandan kí ohun èlò jẹ́ ti òyìnbó. Ọpọ́n ayò, pẹ̀lú ihò 12 àti ọmọ ayò 48, jẹ́ ohun èlò tí ó péye. Ẹni tí ó ń ta ayò á ki ọwọ́ bọ ihò, á kó ọmọ ayò, á sì máa jù wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìka, ọrùn ọwọ́, ojú àti ìrònú ni ó ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ṣíṣa ẹ̀wà, kíká aṣọ àti dídi bọ́tìnnì ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Fún ìyá aránṣọ, bí ó bá mú aṣọ lásán tí ó sì ń gbìyànjú láti fi ọwọ́ ọ̀tún tọ́ ọ lọ sábẹ́ abẹ́rẹ́ máṣíìnì tí kò yí, ọpọlọ rẹ̀ yóò dá iṣẹ́ náà mọ̀ ju kí ó máa fún bọ́ọ̀lù lọ.

5.4 Dídìde àti Rírìn

Kí ènìyàn tó rìn, ó gbọ́dọ̀ lè jókòó láìfara ti nǹkan, kí ó sì lè dìde. Dídìde láti orí àga gíga, kí ó tó kan àga kúkúrú, títí yóò fi kan àpótí ìdáná, jẹ́ eré ìdárayá tí ó ń fún itan lágbára. Nígbà tí ó bá ń rìn, ọwọ́ tí ó dá ni yóò fi mú ọ̀pá. Bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ bá ń wọ́ nílẹ̀, onífísíò lè fi ike tí ó ń gbé ọrùn ẹsẹ̀ sókè sí i. Ó dára kí onífísíò béèrè ohun tí aláìsàn fẹ́ lè ṣe padà. Òmíràn fẹ́ lè kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀, òmíràn fẹ́ lè foríkanlẹ̀ níbi ìrun, òmíràn fẹ́ dá lọ sí ilé ìwẹ̀. Ohun tí ó bá wu ènìyàn láti ṣe ni kì í sú u láti kọ́.

5.5 Eré Ìdárayá fún Alátọ̀gbẹ

Ẹran ara tí ó ń ṣiṣẹ́ lè gba ṣúgà wọlé láìdúró de kọ́kọ́rọ́ ínsúlínì. Èyí ni ìdí tí ìrìn kánmọ́kánmọ́ fi ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Àǹfààní náà kì í pẹ́ ju ọjọ́ kan sí mẹ́ta lọ, nítorí náà kò yẹ kí alátọ̀gbẹ jẹ́ kí ó ju ọjọ́ méjì lọ tí kò fi ṣe nǹkan. Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni a ń dámọ̀ràn, ó sì dára kí ó fi gbígbé nǹkan tí ó wúwo níwọ̀nba kún un. Ní 2002, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà láàárín ẹni 3,234 tí àtọ̀gbẹ ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lórí wọn fi hàn pé eré ìdárayá, oúnjẹ níwọ̀nba àti dídín ìsanra kù dín iye ẹni tí àìsàn náà mú kù ní ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún. Oògùn metformin dín in kù ní ìdá 31.

Ìkìlọ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tí ó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì gbọ́dọ̀ yẹ ṣúgà rẹ̀ wò kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá tó mílígíráàmù 90 nínú dẹsílítà, kí ó kọ́kọ́ jẹ nǹkan díẹ̀. Bí òógùn tútù bá bò ó, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, kí ó dúró, kí wọ́n sì fún un ní ohun tí ó dùn mu kíá.

5.6 Ìtọ́jú Ẹsẹ̀

Onífísíò máa ń fi okùn tín-ín-rín bí irun kan àtẹ́lẹsẹ̀ láti mọ ibi tí kò mọ nǹkan lára mọ́. Ẹni tí ó bá ní irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ rìn láìwọ bàtà, nínú ilé pàápàá. Kí ó máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, tàbí kí ọmọ rẹ̀ bá a wò ó, kí ó sì máa gbọn inú bàtà kí ó tó kì í bọ ẹsẹ̀. Omi gbígbóná tí a fi ń jó ẹsẹ̀ lè bó o láìmọ̀. Gbẹ́rẹ́ tí a sin sí i lè di egbò tí kò jinná, egbò tí kò jinná ni ó sì sábà ń sún ènìyàn dé ibi tí wọ́n ti ń gé ẹsẹ̀.

6.0 Ohun tí Ó Ń Ṣe Ìdínà àti Ipa Ẹbí

Owó ni ìdínà àkọ́kọ́, nítorí àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń san owó ìtọ́jú ní Nàìjíríà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin adójútòfò ìlera tuntun jáde ní 2022. Èkejì ni ọ̀nà jíjìn, nítorí ìlú ńláńlá ni àwọn onífísíò pọ̀ sí. Ẹ̀kẹta ni ìkánjú: bí apá kò bá gbéra lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹbí á ní iṣẹ́ náà kò jẹ́, wọn á sì wá ibòmíràn lọ. Ẹ̀kẹrin ni àánú òdì. Ọmọ tí ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ á máa bọ́ ọ, á máa wọṣọ fún un, á máa gbé e. Ìfẹ́ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo iṣẹ́ tí ó gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ni ó gbà lọ́wọ́ ọpọlọ rẹ̀ pẹ̀lú.

Síbẹ̀, ẹbí náà ni olórí oògùn. Wákàtí kan tàbí méjì lọ́sẹ̀ ni aláìsàn fi ń wà lọ́dọ̀ onífísíò. Ilé ni ó ti ń lo àwọn wákàtí yòókù. Bí ẹbí bá bá onífísíò lọ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, tí wọ́n sì kọ́ ohun tí ó ń ṣe, àǹfààní owó kékeré náà yóò di púpọ̀. Ojúṣe àwọn olùkọ́ Yorùbá náà wà níbẹ̀. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ́ láti fi ìyàtọ̀ sáàárín iṣan ẹ̀jẹ̀, iṣan òjíṣẹ́ àti ẹran ara, ìmọ̀ náà yóò tẹ̀lé wọn délé.

7.0 Ìkádìí

Àpilẹ̀kọ yìí ti ṣàlàyé pé rọpárọsẹ̀ àti àtọ̀gbẹ jẹ́ àìsàn tí orúkọ wọn ń tọ́ka sí àmì, tí orísun wọn sì wà níbòmíràn. Ó ti fi hàn pé ọpọlọ lè kọ́ iṣẹ́ tuntun, pé àṣetúnṣe ni ẹ̀kọ́ rẹ̀, pé àkókò kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ni yóò padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, kò sì yẹ kí a fi irọ́ tu ẹnikẹ́ni nínú. Ó lè jẹ́ pé ìyá aránṣọ náà kò ní ránṣọ títà mọ́. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ìyá tí ó lè dá dìde, tí ó lè dá bọ́ ara rẹ̀, tí ó sì lè fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gba ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́ra, àti èyí tí wọ́n ń yí lórí ìbùsùn. Inú oṣù díẹ̀ tí ó tẹ̀lé òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni a ti máa ń pinnu èyí tí yóò jẹ́.